Má-Tẹ-Bẹ́ẹ̀ni àti Ohùn Onígbàjámọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́: MÁ TẸ BẸ́Ẹ̀NI. Ibẹ̀ ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Má-Tẹ-Bẹ́ẹ̀ni. Ìyàwó rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀ tí inú bá ń bí i. Tí inú ò bá bí i, Má-Tẹ lásán ni.

Fíláṣì ló ń tún ṣe. Fíláṣì ni nǹkan pẹlẹbẹ yẹn tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí àwọn èèyàn ń kó iṣẹ́ wọn, àwòrán wọn àti orin wọn sí, tí wọ́n á wá kì í bọ ara kọ̀ǹpútà. Tára ẹ̀ bá le, kò sẹ́ni tó ń rántí ẹ̀. Àwọn kan ń so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́, àwọn kan ń sọ ọ́ sínú àpò pẹ̀lú owó ẹyọ àti èérún búrẹ́dì. Ọjọ́ tó bá dákú ni wọ́n ń mọ̀ pé ìdajì ayé àwọn wà nínú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ní òun ò lè kà á mọ́. Á wá béèrè pé ṣé kí òun fọ̀ ọ́ mọ́, kó dà bí tuntun. Bẹ́ẹ̀ni wà níbẹ̀, rárá wà níbẹ̀. Ọmọ èèyàn, tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé tí wọ́n bá bi í ní nǹkan kó dáhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà, á tẹ bẹ́ẹ̀ni. Lẹ́yìn náà ló máa gbé e sáré wá bá Má-Tẹ.

"Ó ti tán, àbí?" ni wọ́n máa ń sọ.

"K-kò tíì tán," ni Má-Tẹ máa ń sọ.

Ó máa ń pẹ́ kó tó sọ ọ́. Akólòlò ni.

Iṣẹ́ aago ló kọ́kọ́ kọ́, lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn bá a lára mu, torí aago kì í retí kéèyàn sọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo àkókò lára fóònù, aago kú. Ó bọ́ sórí rédíò. Rédíò náà ń kú lọ. Ó bọ́ sórí fíláṣì. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí bá ti fọwọ́ kàn ló ń kú. Èmi nìkan ló kù."

Aṣọ ni ìyàwó yìí ń rán, ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà. Ìdajì kejì ni ti Má-Tẹ: tábìlì kan, àtùpà tó ní ọrùn gígùn, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, agolo wẹ́wẹ́ tí ìṣó wà nínú wọn. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀. Ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Oòrùn máa ń gun ògiri yẹn láàárọ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án, bí ẹni tó ń rọra bọ́ lórí àkàbà. Tí Má-Tẹ bá ti gbé ojú sókè wo ògiri yẹn, ọkàn rẹ̀ ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ á fi abẹ́rẹ́ kan tábìlì. Á padà dé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, oòrùn ti sọ̀ dé ìdajì ògiri, ìyàwó onígbàjámọ̀ wọlé. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Má-Tẹ dìde fún wọn.

Ọkùnrin yìí ló ń gé irun Má-Tẹ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e lé pákó lórí àga kí orí rẹ̀ lè yọ nínú dígí. Ọkùnrin gíga ni. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju ọwọ́ lọ. Àwọn kan máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìní irun lórí, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Ìyẹn ni tẹ́lẹ̀. Kókó kan hù sí i lọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà gé kókó náà, wọ́n sì gé ibi tí ohùn ti ń jáde mọ́ ọn. Wọ́n fi ihò kékeré kan sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ibẹ̀ ni èémí ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ ló fi bò ó. Ó yè. Ohùn ni ò yè.

Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ó lọ sílé, ó jókòó ti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tó rò pé òun á nílò láti sọ títí ọjọ́ ayé. Ẹ rò ó wò. Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ? Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fíláṣì, ó ki fíláṣì bọ rédíò kékeré kan tó ní nọ́ńbà lára, ó gbé rédíò kọ́ ọrùn. Ó mọ nọ́ńbà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí. Tí oníbàárà bá wọlé, á tẹ ọ̀kan, rédíò á ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín, àga kan náà ló wà." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n padà wá. Ṣọ́ọ̀bù tún gbóná.

Ó wá di ọjọ́ kan, ó yọ fíláṣì nígbà tí iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Kò yẹ kéèyàn yọ ọ́ nígbà tó bá ń ṣẹ́jú. Rédíò dákẹ́.

"Ọmọ mi, gbà wá," ìyàwó onígbàjámọ̀ sọ. Ó gbé fíláṣì náà sórí tábìlì, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. "Mo ti gé ọ̀fun bàbá yìí lẹ́ẹ̀kejì."

Onígbàjámọ̀ mi orí sọ́tùn-ún sósì. Ó fi àtàńpàkò gún ara rẹ̀ láyà.

"Ó ní òun ni. Irọ́ ni. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"K-kí lẹ tẹ̀?" Má-Tẹ béèrè. Ó ti mọ ìdáhùn.

"A ki í bọ kọ̀ǹpútà ọmọ wa. Kọ̀ǹpútà gbé ìbéèrè kan dìde, ó fẹ́ fọ gbogbo ẹ̀ dànù. Èmi ni mo mọ̀wé díẹ̀, mo kà á. Mo wá bi bàbá yìí, mo ní, 'Ẹ ò fẹ́ kó fọ̀ ọ́ dànù, àbí?' Ó mi orí sókè sódò. Bẹ́ẹ̀ni. Mo bá tẹ bẹ́ẹ̀ni."

Ìyàwó Má-Tẹ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Tí wọ́n bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé, "O ò tíì jẹun, àbí?", tí ebi bá ń pa á, kí ló máa sọ? Bẹ́ẹ̀ni. Bẹ́ẹ̀ni, n ò tíì jẹun, òótọ́ lẹ sọ. Bẹ́ẹ̀ni ti onígbàjámọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ni, n ò fẹ́. Ká ní ohùn wà, ìyókù ọ̀rọ̀ á tẹ̀lé e jáde. Ohùn ò sí, orí nìkan ló mì. Bẹ́ẹ̀ni ti kọ̀ǹpútà ò sì ní ìyókù. Rárá tí ì bá gbà á là, tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà sílẹ̀, inú fíláṣì yẹn gan-an ló wà.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" Má-Tẹ sọ. "Ṣé ẹ tún k-kọ nǹkan sínú ẹ̀?"

"A ò kọ nǹkan kan. A rántí ògiri ẹ."

"Ẹ rántí nígbà tó ti jóná tán," ìyàwó Má-Tẹ sọ.

"A ṣáà rántí."

Onígbàjámọ̀ jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ọwọ́ tí kì í dúró jẹ́ẹ́ nígbà kan. Ìyàwó rẹ̀ ní láti ọjọ́ náà kò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní àwọn èèyàn á kí i lọ́nà, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò rí wọn, kí wọ́n má baà rò pé òun ń gbéraga. Ó ní ògiri ló máa ń kọjú sí nílé.

Ó sún mọ́ tábìlì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

"Tí gbogbo ẹ̀ ò bá ṣeé rí, bá mi wá ẹyọ kan."

"Èwo?"

"Bó ṣe ń pè mí."

"B-báwo ló ṣe ń pè yín?"

Ó wo ilẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí. Kò pè mí ní nǹkan míì rí, láti ọjọ́ tí mo ti mú àbúrò mi wá gé irun lọ́dọ̀ ẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń pè mí ní màmá àgbà, òun á ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, gbé omi wá.' Mo máa ń bá a jà nígbà yẹn. Mo ní ṣé ẹ ò ríran ni, ọmọ wo ló léwú lórí tó báyìí? Ní báyìí, tó bá fẹ́ pè mí, ó ń kan tábìlì. Kò kò kò. Bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Mo ń dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń pè."

Má-Tẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ há. Ó gbé fíláṣì náà, ó tan àtùpà.

Nǹkan kan wà láàárín òun àti ọkùnrin yẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Tí wọ́n bá rán an ní búrẹ́dì, kó tó bọ́ lórí "b", onítọ̀hún á ti gbé bátìrì lé e lọ́wọ́. Ó gbé bátìrì relé lọ́pọ̀ ìgbà. Gbogbo èèyàn ló ń bá a parí ọ̀rọ̀. Àánú ló ń ṣe wọ́n. Àánú yẹn ló jẹ́ kó sọ ara rẹ̀ di odi nígbà tó yá. Onígbàjámọ̀ nìkan ni kì í bá a parí ẹ̀. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé, tó bá bi ọmọ yìí ní nǹkan, tí ọmọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀, á gbé àlùmọ́gàjí sókè, á sì dá a dúró síbẹ̀, lókè orí, láìgé nǹkan kan. Á máa wo ojú ọ̀nà nínú dígí. Àwọn tó jókòó fẹ́ dá sí i, á ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Ta ló ń lé e?" Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá balẹ̀ tán, àlùmọ́gàjí á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ ṣẹ́kẹ́.

"Ẹ f-fi sílẹ̀ fún mi," ló sọ fún wọn. Wọ́n lọ.

Má-Tẹ kọ́kọ́ wo ara fíláṣì náà lábẹ́ awò. Ọrùn rẹ̀ ti sán. Níbi tí irin ẹnu rẹ̀ ti so mọ́ ara, ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó so wọ́n pọ̀ ti já. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Fíláṣì náà, ọ̀fun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú òwú àti ẹ̀mú. Ó mú irin gbígbóná, ó yọ́ òjé díẹ̀, òjé tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ó kán an síbi tó já. Èéfín kékeré kan rú jáde, ó gba iwájú ojú rẹ̀ lọ sójú fèrèsé. Ó ki í bọ kọ̀ǹpútà. Iná tàn lára fíláṣì. Kọ̀ǹpútà béèrè ìbéèrè rẹ̀. Má-Tẹ tẹ rárá.

Kò wá àwọn ohùn náà nínú fíláṣì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó da gbogbo inú rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, tòun ti ihò tòun ti pàǹtí, ó wá yọ fíláṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀dà yẹn ló ń wá inú rẹ̀. Tí ọwọ́ bá ṣì í, ẹ̀dà ló máa fara gbá a.

Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í gbálẹ̀. Tó bá ní òun fọ fíláṣì, orúkọ ló yọ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn tó wà nínú yàrá ṣì jókòó. Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti lé àwọn. Àfi téèyàn bá kó nǹkan tuntun dé, ìyẹn ló máa tì wọ́n síta. Iṣẹ́ Má-Tẹ ni kó máa rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn, kó máa kan ilẹ̀kùn, kó máa sọ pé ẹ jáde wá. Wọ́n á jáde. Ṣùgbọ́n wọn ò ní orúkọ mọ́. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń fún wọn, bó ṣe bá wọn pàdé ni. Wọn ò tò bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó ń rọ̀ sórí páànù, kò le, kò sì dá. Má-Tẹ ki íápíìsì bọ etí, ó dijú, ó ń gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàárọ̀."

"Ó dùn mí níbí."

"Ẹ má mi orí. Etí ò ní àfirọ́pò."

"Ó dàárọ̀ o."

"Ìyàwó yín ò ní dá yín mọ̀ lónìí. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ yín."

Ohùn yẹn. Kò tíì gbọ́ ọ ní tòótọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gé e. Nínú rédíò, ó máa ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú agolo. Nínú íápíìsì, ó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ gan-an, níbi tó máa ń wà nígbà yẹn. Òjò wá di àlùmọ́gàjí. Ṣẹ́kẹ́ ṣẹ́kẹ́, yí etí ká. Ó rí ara rẹ̀ lórí pákó lórí àga, aṣọ funfun ti yí i ká dé ẹsẹ̀, orí nìkan ló yọ, bí orí tó léfòó lójú omi. Irun ń bọ́ lé aṣọ, kò dún. Nínú dígí, ọ̀nà ń lọ sẹ́yìn, àwọn èèyàn ń rìn níbẹ̀ láìyára, oòrùn sì dúró sójú kan. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn jáde tí kò sẹ́ni tó retí wọn. Àwọn èyí tí onígbàjámọ̀ ti sọ tì, tó ti pa rẹ́ fúnra rẹ̀ kó tó tún wọn sọ. Ikọ́ wà níbẹ̀. Ìró àga tó ń fà nílẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ń sọ pé "Ẹ ṣeun," ohùn ìyàwó rẹ̀ sì jáde láti ọ̀nà jíjìn, bóyá láti yàrá kejì: "Ẹ tún un sọ. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ jà." Ó tún un sọ. Ó tún dà bí ẹni tó fẹ́ jà. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì gùn títí ó fi di afẹ́fẹ́ lásán.

Nǹkan kan kan tábìlì. Abẹ́rẹ́ ni.

"O ti sùn," ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Mò ń gbọ́ ni."

"Ojú dídì lo fi ń gbọ́?"

"Wọ́n ń gé irun mi."

Ìyàwó rẹ̀ wo orí rẹ̀ títí. "Ó ti yẹ kí wọ́n gé e," ló sọ. Ó padà sídìí aṣọ.

Ọ̀la ọjọ́ náà ló tó rí èyí tí obìnrin náà ní kó bá òun wá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí gbogbo rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan, ohùn náà ní, "Ìwọ ọmọ," afẹ́fẹ́ sì gbà á. Ó tún un tẹ̀. "Ìwọ ọmọ." Kò sí ìyókù. Ó wá inú ẹ̀dà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ìyókù yẹn wà gan-an ni kọ̀ǹpútà kọ orúkọ tuntun sí lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀ni. Ìyẹn ò ní jáde wá mọ́. Wọ́n ti gbé ẹlòmíì sínú yàrá ẹ̀. Onígbàjámọ̀ ò sì tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ nígbà tó ń gbà á sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Kò ṣì í sọ rí, kí ló fẹ́ tún ẹ̀ sọ fún?

Má-Tẹ gbé ojú sí ògiri ìta. Oòrùn ò tíì sọ̀ dé ibi kankan.

Ó wá rántí pé "yìí" pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin yẹn. Ó wá a kàn. "Irun yìí ti le ju ọ̀rọ̀ àgbà lọ." Ó gé "yìí" kúrò níbẹ̀, ó rọra so ó mọ́ ìdí "ìwọ ọmọ". Ó tẹ̀ ẹ́. Ìwọ ọmọ yìí. Ó wọlé síra wọn, ojú ibi tó lẹ̀ ẹ́ ò hàn. Ó yọ íápíìsì, ó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ó dùn," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Kí ló dé tó o lejú?"

"Irun ló ń b-bá wí."

"Ta ló máa mọ̀?"

Má-Tẹ gbé íápíìsì sílẹ̀. Ó ń rí àlùmọ́gàjí lókè orí, ó dúró jẹ́ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń tàn lára rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló lè bá ọkùnrin yẹn parí ọ̀rọ̀ báyìí. Ó ti rọrùn. Kò lè jà.

"Ẹni tí wọ́n pè á mọ̀," ló sọ.

Ó fi ọwọ́ sí èyí tó lẹ̀ pọ̀ náà, ó ní kí kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà béèrè pé ṣé ó dá a lójú. Má-Tẹ tẹ bẹ́ẹ̀ni.

"Ọkùnrin," ìyàwó rẹ̀ sọ, "yíjú wo ògiri ẹ."

Nígbà tí àwọn tọkọtaya náà padà wá, Má-Tẹ ti kó gbogbo ohùn náà sínú fíláṣì tuntun. Ó tún kó wọn sínú òmíràn, kí wọ́n fi pa mọ́ sílé. Èyí tó bàjẹ́, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ ní tirẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n máa fi gbọ́ orin, kí wọ́n má gbé ohùn èèyàn lé e mọ́. Ọrùn tó ti kán rí, wọn kì í ru ẹrù lé e.

Ó ki tuntun bọ rédíò. Onígbàjámọ̀ gbà á. Ó fẹ́ kí Má-Tẹ, ó tẹ nọ́ńbà tó ti máa ń jẹ́ ìkíni.

Rédíò ní, "Orí yín ti ń pá o. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwọn áńgẹ́lì náà nílò dígí."

Má-Tẹ fọwọ́ kan orí rẹ̀. Láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó kí ẹ, dá a lóhùn."

Èjìká onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà ò ní ohùn, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ wọlé, ó ń fẹ ẹ jáde, bí kọ́tìnnì ojú fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ nu ojú.

"Wọn ò t-tò mọ́," Má-Tẹ sọ. "Ẹ̀yin lẹ máa sọ bí wọ́n ṣe tò."

Wọ́n jókòó tì í. Má-Tẹ á tẹ ọ̀kan kí wọ́n gbọ́ ọ, onígbàjámọ̀ á na ìka láti fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn, ìyàwó rẹ̀ á sọ ọ́ jáde. Nígbà tí wọ́n dé orí rárá, ìyàwó rẹ̀ ní òun fẹ́ kó wà níwájú pátápátá, kó máa jẹ́ nọ́ńbà kìíní.

"Ẹ ò fẹ́ kó jìnnà mọ́, àb—" Ó pa ẹnu dé. "Mo ti gbàgbé. Ẹ dúró. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ níwájú? Ẹ fẹ́, ẹ mi orí. Ẹ ò fẹ́, ẹ kan tábìlì."

Onígbàjámọ̀ mi orí, ó sì tún kan tábìlì.

"Ọkùnrin yìí fẹ́ pa mí," ìyàwó rẹ̀ sọ.

Ọ̀sán lọ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù kún fún ohùn ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ tí kò la ẹnu. Nígbà míì, ohùn náà á sọ̀rọ̀, òun náà á wo iwájú bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ẹlòmíì. Ìyàwó rẹ̀ ò béèrè ẹyọ tirẹ̀. Ó ń retí. Gbogbo ìgbà tí Má-Tẹ bá fẹ́ tẹ òmíràn, obìnrin náà á gbé ojú sókè, á sì tún gbé e sílẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," Má-Tẹ sọ. "Ó y-ya."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ ọmọ."

Obìnrin náà dúró de ìyókù. Ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀, ó wá dúró láàárín, bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ tí kò rí àtẹ̀gùn.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Kò sí. Ibi tí bẹ́ẹ̀ni t-tẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn."

"Ibi tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀."

Má-Tẹ fẹ́ sọ nǹkan míì. Ọ̀rọ̀ náà há sí i lẹ́nu, ó ń ti í, kò lọ. Ìyàwó Má-Tẹ ti la ẹnu láti bá a sọ ọ́. Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó gbé e dúró lókè bẹ́ẹ̀, ìka méjì yà síra bí ẹnu àlùmọ́gàjí, ó sì yíjú sí ojú ọ̀nà. Gbogbo wọn dúró dè é. Kò sẹ́ni tó ń lé e.

"Mo lè lẹ òmíì mọ́ ọn," Má-Tẹ sọ nígbà tó balẹ̀. "N ò f-fẹ́ fi sí yín lẹ́nu ni, Bàbá."

Onígbàjámọ̀ wò ó pẹ́. Ó gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e lé Má-Tẹ lórí fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá gé irun tán. Ó gbé rédíò kọ́ ọrùn. Ó dìde, ó forí lé ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀ ò dìde. Ó jókòó, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó ń wo ògiri níbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí. Oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ògiri ìta, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba fèrèsé wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù.

Onígbàjámọ̀ yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ nọ́ńbà.

"Ìwọ ọmọ," rédíò sọ.

Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ gígùn yẹn, ó na ìka kan, ó nà án tààrà sí i.

Kí tún ni "yìí", bí kì í bá ṣe ìyẹn?

Obìnrin náà wo ìka náà. Ó wò ó títí. Nígbà tó yá, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Mò ń bọ̀," ló sọ. "Ẹ máa lọ ná. Ta ló ń lé yín?"

Ó gbé báàgì, ó bá a lọ. Má-Tẹ gbọ́ rédíò náà títí wọ́n fi kọjá ilé kẹta, ó ń kí àwọn èèyàn lọ́nà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wà ní ṣíṣí. Má-Tẹ fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó pa àtùpà, ó jáde. Ó ti yẹ kí wọ́n gé e.